Ọmọba Tí Kò Dọ̀bálẹ̀

Bí ọkùnrin kan bá dúró fún ogójì ìṣẹ́jú níwájú àga mẹ́fà tó ṣófo, á jẹ́ pé nǹkan ń ṣe é ni, tàbí pé ó ń ṣe fáàrí. Túndùn Akínbọ́lá gbà pé fáàrí ni.

Ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni. Túndùn ni apoògùn àgbà ní ilé oògùn kan ní Lancaster lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń wọ inú ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n sì ń jáde láti ìdájí. Kọ̀ǹpútà wọn dákú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìlà sì gùn dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìlà wá fúyẹ́, tí àwọn àga ṣófo, ọkùnrin yìí ṣì wà lórí ìdúró. Ó ga. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọrùn rẹ̀ kò hunjọ rárá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gún bíi pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ní kí àgbàlagbà bọ́ síwájú òun.

Oògùn ìyá rẹ̀ ló wá gbà. Orúkọ tó wà lára ìgò ni Miriam Olúyọmí.

"Olúyọmí," ni Túndùn wí. "Ṣé Yorùbá ni yín?"

"Yorùbá ni bàbá mi. Èmi náà sì ni, bí ẹ bá gbà bẹ́ẹ̀."

Ohùn Lọ́ńdọ̀nù ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ti kúrò nílé kí wọ́n tó bí i. Túndùn ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ má bínú o. Bí bàbá bàbá mi lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀."

"Ẹni tó kọ́ mi kúrò nílé lọ́dún 1971. Kò kọ́ tuntun kankan kún un títí tó fi kú."

"Ẹ ò bá jókòó, sà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

"Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn," ló wí, ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni Adédàpọ̀ Olúyọmí ń wá. Oògùn ìyá rẹ̀ kì í tán kíá tó bẹ́ẹ̀. Túndùn mọ̀, torí òun gan-an ló ń kà á sínú ìgò.

Díẹ̀díẹ̀ ló gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọba ní ìlú kékeré kan ní Èkìtì, ó lọ kọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì padà sílé mọ́. Ìyá rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ọmọ Lancaster níbí, lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, wọ́n sì fẹ́ra. Ilé ìwé tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lọ ni wọ́n fi ọmọ wọn sí. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, ó sì di Kápútẹ́nì. Ó ti bá wọn lọ sójú ogun nínú aginjù, ó sì ti gun ẹṣin dúdú ní ojú títì Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú aṣọ pupa àti idà lọ́wọ́. Ọdún méjìlá. Lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, kò sì sọ ìdí. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tí ìyá rẹ̀ fẹ́ padà sínú ilé tí wọ́n bí i sí, ó tẹ̀ lé e wá. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti wà ní Lancaster. Ní báyìí ó ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú, torí pé àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gba ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń rìn, kò sì sí ibi tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè yà sí.

"Olóṣèlú wá ni yín," ni Túndùn wí, bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú omi.

"Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Bí ìyẹn bá jẹ́ òṣèlú, òun ni."

Nínú oṣù Kẹwàá, ìwé dókítà kan wọlé tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Túndùn kà á. Oògùn ìrora ni, oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti gba ọ̀bẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó wo orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo àwọn àga mẹ́fà. Ojú tì í.

Nígbà tí Adédàpọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ti rí i."

"Iṣẹ́ mi ni láti rí i. Iṣẹ́ mi náà ni láti má rí i."

"Ẹṣin ló yọ̀ lórí òkúta tó tutù, lọ́jọ́ tí a ń ṣe ìgbáradì. Ó wó lé mi. Irin méjì àti skúrúù mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mo lè rìn, mo lè dúró títí di ọ̀la. Ìjókòó ló ṣòro, títẹ ẹ̀yìn ba ló sì burú jù." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń jábọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá máa dìbò fún mi, kí ó jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ mi. Mi ò fẹ́ kí àánú wọ̀ ọ́."

"Kò sí ẹni tí màá sọ fún. Òfin ni." Lẹ́yìn náà ó fi kún un pé, "Ẹlẹgbẹ́ mi lá máa po tiyín láti òní lọ."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Kò bójú mu kí n máa po oògùn fún ẹni tí mò ń wo ẹnu ọ̀nà nítorí rẹ̀."

Ó sọ ọ́ tán kó tó mọ ohun tó sọ. Adédàpọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé àpò oògùn náà, ó ní, "Nígbà náà, ẹ jẹ́ ká máa rí ara wa níta."

Ìrìn ni wọ́n ń rìn, torí ìrìn ni kì í dùn ún. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á lọ sí etí adágún tó wà nísàlẹ̀ Cedar Hill, níbi tí bàbá Túndùn ń gbé, wọ́n á máa rìn láàárín àwọn igi kédárì títí ẹsẹ̀ á fi ro Túndùn. Ó mọ̀ pé ó ń rò ó jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Àwọn ọkùnrin tó ti mọ̀ rí máa ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Èyí máa ń ṣe é, á sì dákẹ́.

Níbẹ̀ ni wọ́n wà nínú oṣù Kejìlá nígbà tó dúró lójijì.

"Túndùn, mi ò lè kúnlẹ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀, ìwọ ni wàá gbé mi dìde, ojú á sì ti àwa méjèèjì."

"Dúró bẹ́ẹ̀. Kí o sọ ohun tí o fẹ́ sọ."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Túndùn kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Adédàpọ̀ gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n Dádì gbọ́dọ̀ gbà. Bí Dádì ò bá gbà, Adédàpọ̀, mi ò ní lè ṣe é. Mo sọ ọ́ kí o lè mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà á. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀, Gbéminíyì, kú. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun kó lè máa di tirẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ní Dallas, ó ń kọ́ àwọn tí eegun wọn ti ṣẹ́ bí wọ́n á ṣe tún rìn. Ọwọ́ tó fi ń gbé ẹ̀yìn ẹni ẹlẹ́ni dúró ní ọ̀sán, òun náà ló fi ń ya irun Túndùn ní ìrọ̀lẹ́. Kò fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ìfiṣòfò kan ṣoṣo tó gbà láyè nínú ilé rẹ̀ ni àdúrà rẹ̀, tó máa ń gùn lórí oúnjẹ títí ọbẹ̀ á fi dì.

Màmá Shalom ló ṣe alárinà. Nọ́ọ̀sì ni, Balch Springs ló ń gbé, ó sì ti bá Gbéminíyì kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹlòmíràn tó lè bá Bàbá Túndùn wí kí ó sì jẹun nílé rẹ̀ lẹ́yìn náà.

"Ọmọ dáadáa ni," ló sọ. "Ọmọba ni. Kápútẹ́nì ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì ń du ipò nínú ìgbìmọ̀ ìlú Lancaster."

Bàbá Túndùn gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò.

"Ààfin, bárékè, òṣèlú. Mẹ́ta tó ba ilé wa jẹ́. O wá kó gbogbo wọn sínú ṣòkòtò kan, o ní kí n fún un lọ́mọ."

"Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wá, Bàbá Túndùn. Ẹ lè lé e lẹ́yìn náà."

"Kí ó wá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú oṣù Kìíní ló wá. Túndùn ti gbá pálọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Dádì jókòó sínú àga ńlá rẹ̀, ó wọ bùbá, ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún. Adédàpọ̀ wọlé tẹ̀ lé Màmá Shalom. Ó rìn dé àárín rọ́ọ̀gì, ó pa gìgísẹ̀ pọ̀, ó sì tẹ orí ba. Orí nìkan. Láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, nǹkan kan kò mì.

"Ẹ káàsán, sà."

Màmá Shalom fi ọwọ́ júwe ilẹ̀ fún un lábẹ́ ìborùn rẹ̀. Ojú Dádì kúrò lára ọkùnrin náà, ó lọ sí orí rọ́ọ̀gì, ó sì padà.

"Jókòó," ló wí níkẹyìn.

Àga kan ṣoṣo tó ṣófo ni sófà rírọ̀ náà, èyí tó máa ń gbé èèyàn mì. Túndùn wò ó, ó wo ẹ̀yìn Adédàpọ̀.

"Bí kò bá ní dùn yín, sà, màá dúró."

Màmá Shalom kérora.

"Wọ́n ní ọmọba ni ọ́," ni Dádì wí.

"Bàbá mi ni ọmọba, sà. Èmi rèé bí ẹ ṣe ń wò mí."

"Wọ́n ní o máa ń gun ẹṣin."

"Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo gùn ún kẹ́yìn, sà."

"Kí ló dé?"

Adédàpọ̀ wo Túndùn fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Túndùn fi ojú bẹ̀ ẹ́: sọ ọ́. Sọ ọ́ níbí, sọ ọ́ báyìí.

"Mo sọ̀kalẹ̀, sà," ni Adédàpọ̀ wí.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi lọ. Nígbà tí ìró ọkọ̀ wọn tán, Dádì kò pariwo. Ìbá sàn kí ó pariwo.

"Jókòó, Túndùn. Mi ò sọ èyí fún ọ rí. Ọmọ ọdún méje ni mí. Bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ gbé mi bọ̀ láti oko, òjò sì ti rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bọ̀ láti ààfin, kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó ní bàbá mi ò sọ̀kalẹ̀ kíá. Ó ní kí ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kí ó sì wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ gún báyìí, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo di kẹ̀kẹ́ mú. Mo ń wo ẹ̀yìn bàbá mi nínú ẹrẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán." Ó nawọ́ sí rọ́ọ̀gì. "Ìdúró yẹn ló dúró nínú pálọ̀ mi lónìí. Kódà kò jókòó sórí àga ọmọ àgbẹ̀."

"Dádì, kò rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo ló wá ṣe rí?"

Túndùn la ẹnu. Ó pa á dé.

"O rí i," ni Dádì wí. "Lọ́jọ́ tó bá dọ̀bálẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì yìí, èmi àti ìwọ á sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Lọ́jọ́ kejì, Túndùn wa ọkọ̀ lọ sí Lancaster, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún Adédàpọ̀ ní àgbàlá ilé Miriam ìyá rẹ̀: kẹ̀kẹ́, ẹrẹ̀, rọ́ọ̀gì.

"Jẹ́ kí n sọ fún un," ló bẹ̀ ẹ́. "Eegun ni iṣẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni."

"Bí mo bá sọ ọ́, á dà bí ẹni tó mú ìwé dókítà wá síbi ìgbéyàwó. Kò tíì mọ ohun kan nípa mi. Ṣé ohun àkọ́kọ́ tó máa mọ̀ ni pé mo ti bàjẹ́?"

"Ta ló ní o ti bàjẹ́?"

"Màá dọ̀bálẹ̀ fún un. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó tọ́ sí i, ju bí mo ṣe rò lọ."

"Kí skúrúù kan yẹ̀, kí o má rìn mọ́? Kí n wá máa tì ọ́ kiri nínú kẹ̀kẹ́ arọ nítorí rọ́ọ̀gì? O ò gbọ́dọ̀ dán an wò!"

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe? O ní kí n má dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí o má sọ. Kí ló kù?"

"Ìgbéraga rẹ ló kù," ni Túndùn wí, ó sì wọ inú ọkọ̀ rẹ̀.

Oṣù Kejì lọ, oṣù Kẹta lọ. Miriam ló ń wá gba oògùn fúnra rẹ̀ báyìí. Ó máa ń di ọwọ́ Túndùn mú lórí káńtà, kì í sì í sọ ju ìkíni lọ. Túndùn ń rò ó ṣáá. Bóyá Dádì ló tọ̀nà. Bóyá ìgbéraga ọmọba ni, tó kàn wọ aṣọ mìíràn. Ẹni tí kò fẹ́ kí ayé ṣàánú òun, báwo ló ṣe máa jẹ́ kí aya tọ́jú òun? Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀kùn ilé oògùn bá ti ṣí, á gbójú sókè. Àwọn àga mẹ́fà náà wá sú u láti wò.

Màmá Shalom ni kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní ìparí oṣù Kẹrin, ó wọlé tọ Dádì wá lẹ́yìn ìsìn.

"Ẹ múra. Àwọn tó ń du ipò fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀ ní ilé ìkàwé Lancaster ní agogo mẹ́ta."

"Cedar Hill ni mo ti ń dìbò."

"Ta ló sọ pé kí ẹ dìbò? Ẹ ti dá èèyàn lẹ́bi láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ẹ fi wákàtí kan gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbéminíyì ìbá ti ní kí ẹ lọ."

Kò yẹ kó fi orúkọ yẹn kún un. Dádì dìde, ó mú fìlà, ó ní kí Túndùn wá wa ọkọ̀.

Gbọ̀ngàn náà kún. Ọkùnrin tó ń ta ilé, tó jẹ́ alátakò Adédàpọ̀, jókòó, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Adédàpọ̀ dúró ti àga rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó dárúkọ òpópónà mẹ́ta, ó sì sọ iye ọmọ tó ń rìn níbẹ̀ láàárọ̀. Kò fi iṣẹ́ ogun yangàn, kò dárúkọ ààfin. Túndùn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá gbójú sókè, á sunkún.

Nígbà tí ó tó àkókò ìbéèrè, ìyá arúgbó kan dìde ní ìlà iwájú. Ọ̀pá rẹ̀ bọ́, ó sì yí lọ sí ẹsẹ̀ Adédàpọ̀. Alátakò rẹ̀ ò mira. Adédàpọ̀ fi ọwọ́ òsì di ẹ̀yìn àga mú. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, ó sì sọ̀kalẹ̀ lórí orúnkún kan, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì jọ lọ lẹ́ẹ̀kan bíi pákó. Ó he ọ̀pá náà láìwo ilẹ̀. Ìgbà tó fẹ́ dìde, ó kọ́kọ́ dúró bẹ́ẹ̀ lórí orúnkún. Etè rẹ̀ funfun. Ó mí èémí kan, ó fi apá gbé ara rẹ̀ sókè, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ìyá náà.

"Ọ̀pá yín rèé, mà."

Túndùn gbọ́ èémí Dádì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wò ó. Dádì ti tẹ̀ síwájú lórí àga, ojú rẹ̀ sì ti di ojú iṣẹ́, irú èyí tí Túndùn kò rí mọ́ láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

Nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà Belt Line, Dádì ṣí fìlà, ó gbé e sórí itan.

"Túndùn."

"Sà."

"Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ti fi irin dè é. Ó tó ọdún márùn-ún, ó lè jẹ́ mẹ́fà. Kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde dáadáa."

Túndùn di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó ń wo ọ̀nà.

"Mi ò bi ọ́ léèrè. Mò ń sọ fún ọ ni." Ó yíjú sí i. "Òfin iṣẹ́ rẹ ló dí ọ lẹ́nu ni, àbí òun ló ní kí o má sọ?"

"Méjèèjì, sà."

Àwọn òpó tẹlifíṣọ̀n gíga tó wà lórí òkè Cedar Hill ti yọ lókèèrè. Dádì ń wò wọ́n.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń ka ẹ̀yìn èèyàn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn dúró níwájú mi nínú pálọ̀ mi, ẹ̀yìn bàbá mi ni mò ń kà. Mo tún ní kí ó jókòó sínú sófà yẹn." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún. "Sófà burúkú. A máa sọ ọ́ nù."

Adédàpọ̀ kò wọlé sí ìgbìmọ̀ ìlú. Ìbò mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jù ú lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Karùn-ún. Ní ọjọ́ Ajé, kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, Dádì dúró lẹ́nu ọ̀nà Miriam. Ó ká ẹní ìdárayá mọ́ abẹ́ apá, Túndùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Adédàpọ̀ jáde láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Irùngbọ̀n ti hù díẹ̀ sí i. Ó wo Dádì, ó wo ẹní, ó wo Túndùn.

"Èmi kọ́ ni mo sọ fún un," ni Túndùn wí.

"Ọ̀pá ló sọ fún mi," ni Dádì wí. "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Adédàpọ̀. Ìwọ, yí ẹ̀yìn rẹ sí mi."

"Sà, mi ò fẹ́ kí ẹ fún mi lọ́mọ yín torí àánú."

"Ta ló dárúkọ ọmọ? Mo wá nítorí pé o ń fi iṣan tó dára ṣòfò. Mi ò fẹ́ràn ìfiṣòfò." Ohùn Dádì wá rẹlẹ̀. "Mo ṣì ọ́ kà, ọmọ mi. Mo fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn sí ọ lọ́rùn. Má bínú."

Adédàpọ̀ di ilẹ̀kùn mú. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Dádì gbé ọwọ́ lé e, bó ṣe máa ń gbé e lé ti gbogbo ẹni tó ti kọ́ rí, ó sì pa ojú dé. Miriam mú Túndùn wọ ilé ìdáná lọ. Ó gbé kọfí kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún mẹ́fà nìyí, òun tí òun bí i, kò tíì jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ibẹ̀.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Dádì kì í pẹ́ dé, kì í sì í jẹ́ kí ó sinmi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ti orí àga dé orúnkún, láti orúnkún dé ọwọ́. Ibẹ̀ ló máa ń dá a dúró.

"Ìyẹn tó. Kì í ṣe nítorí rọ́ọ̀gì ni mo ṣe ń kọ́ ọ. Nítorí ọmọ tí o máa gbé ní ọjọ́ iwájú ni."

"Ọmọ ta ni, sà?"

"Ẹnu rẹ ti ń yá. Tún un ṣe."

Inú ilé Dádì ni wọ́n ti ṣe ìdána, ní oṣù Kẹwàá. Kò gba gbọ̀ngàn, kò gba onílù. Èèyàn ogún ni. Wọ́n ti gbé sófà náà jáde. Dádì ti kìlọ̀ fún Màmá Shalom, tó ń darí ètò: tí ọkọ ìyàwó bá dé, kí ó tẹrí ba, ó ti parí.

Adédàpọ̀ wọlé nínú agbádá funfun. Ó pa gìgísẹ̀ pọ̀, ó tẹrí ba. Màmá Shalom ti ń lọ sí orí ohun mìíràn.

"Ẹ dúró díẹ̀, mà," ni Adédàpọ̀ wí. Ó kọjú sí Dádì. "Mo ti bi dókítà, sà. Ó ní mo lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Mo yan èyí."

Túndùn dìde, ìbòjú bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dá ọkọ ìyàwó lọ́wọ́ kọ́, Túndùn náà kò sì pariwo. Adédàpọ̀ di àga mú. Orúnkún kan, orúnkún kejì. Ọwọ́, ọwọ́. Ó dúró díẹ̀ níbi tí Dádì ti máa ń dá a dúró. Lẹ́yìn náà ó rọra na ara rẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi kan rọ́ọ̀gì, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọmọ tó sùn.

Dádì ti kúrò lórí àga rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí irin wà. Àwọn àlejò tẹ orí ba, wọ́n gbára dì fún àdúrà Bàbá Túndùn. Ẹnì kan tiẹ̀ ti fà sẹ́yìn wá ibi tó máa fara tì.

"Olúwa," ni Dádì wí, "gbé e dìde."

"Àmín!" ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì ń dúró de ìyókù.

"Ó tán?" ni Màmá Shalom béèrè. "Bàbá Túndùn, ìyẹn nìkan?"

"Ó tán. Ilẹ̀ le." Ó tẹ ẹnu mọ́ etí Adédàpọ̀. "Bí mo ṣe kọ́ ọ. Ọwọ́ ná. Ọ̀kan. Mí. Èjì. Má kánjú, kò sí ẹni tó ń lé wa. Ẹ̀ta."

Wọ́n dé orí orúnkún, àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ni Dádì ti rántí pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni òun, pé orúnkún tirẹ̀ náà kì í gbọ́ràn mọ́. Ó gbìyànjú. Ó padà sílẹ̀. Adédàpọ̀ fẹ́ gbé e, kò sì ní ibi tó máa fi ara tì. Àwọn méjèèjì wo ara wọn lójú, nínú agbádá àti bùbá, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n wọ́n.

Túndùn wá sí àárín rọ́ọ̀gì. Ó na ọwọ́ òsì sí bàbá rẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sí ọkọ rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀, ó sì gbé wọn dìde. Ojú kò ti ẹnikẹ́ni.